Ọ̀pá Gbé Gáàsì Dé Ẹnu Ọ̀nà, Ta Ló Gbé E Wọlé?

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́nu ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé gálásì tí ọkàn rẹ̀ ń jó bí iná, ọ̀pá ìràwọ̀ tó dábùú àárín rẹ̀ ló ń bọ́ ihò dúdú inú rẹ̀. Láti 1980 ni wọ́n ti ń dà á kọ. Nígbà tó hàn pé ọ̀nà gáàsì dí kó tó dé ihò dúdú, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Shlosman, Frank àti Begelman ní 1989 ní ọ̀pá kékeré ló wà nínú ọ̀pá ńlá. Ọ̀pá ṣáá!

N kò ní pẹ́ lórí kíka iye gálásì tó lọ́pàá tí ọkàn rẹ̀ ń jó. Ho, Filippenko àti Sargent kà á ní 1997, ọ̀pá kò yí nǹkan padà. Gálásì tiwa gan-an lọ́pàá, ihò dúdú rẹ̀ sì ń tòògbé.

Lóòótọ́, gáàsì tó bá kọlu ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá a máa ṣàn lọ sí àárín. Ṣùgbọ́n wo NGC 1097, gálásì mìíràn tó lọ́pàá, tó jìnnà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 45 ọdún ìmọ́lẹ̀. Gáàsì rẹ̀ dúró sínú òrùka kan, ó ń di ìràwọ̀ níbẹ̀, ó sì ṣì ku nǹkan bí 2,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ kó tó kan ihò dúdú. Ọbẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá wà ní yàrá.

Ìwé kan wà tí mo máa ń padà sí, ti Thaisa Storchi-Bergmann, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Brazil. Ní 1991, ó wo ọkàn NGC 1097 láti Cerro Tololo ní Chile. Nígbà tí wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ háídírójìn rẹ̀ sí àwọ̀, ó fẹ̀, ó sì yọ orí méjì: ọ̀kan síhà búlúù, ti gáàsì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, èkejì síhà pupa, ti èyí tó ń sá lọ. Àwo gáàsì tó ń fi eré burúkú yí ihò dúdú po nìyẹn. Ohun tí àwọn tó ń fi ọ̀pá ṣàlàyé ń fò kọjá ni pé àwọn tó wo ibẹ̀ lọ́dún díẹ̀ ṣáájú kò rí orí kankan. Ọ̀pá náà ńkọ́? Ó ń gbà á ju mílíọ̀nù 100 ọdún lọ láti yí po lẹ́ẹ̀kan. Kí ló fẹ́ yí padà lára rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀?

Bóyá ìràwọ̀ kan ló ṣìnà, tí ihò dúdú fà á ya. Bóyá àwo náà ló ti ń kó gáàsì jọ tipẹ́. Ní 2006, Fathi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí gáàsì tó ń wọlé nínú òrùka náà, lójú ipa tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwọn tó ń padà lọ wo ọkàn náà láti 1991 sọ pé orí méjèèjì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan: nígbà mìíràn ti pupa ló ga jù, nígbà mìíràn ti búlúù.