Ta Ló Ni Òkú Ọba? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Lórí Òfin Ìsìnkú Ọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ní ìsọ̀ ẹlẹ́rìndòdò kan nítòsí ibùdókọ̀ Ìtòrí, níbi tí eruku símẹ́ǹtì ti ń bo tábìlì kí èèyàn tó mu omi tán, mo bá bàbá Ògbóni kan àti alùfáà ọ̀dọ́ kan lẹ́nu àríyànjiyàn. Bàbá fa ìtagbè èjìká rẹ̀ gún, ó ní, “Adé tí ìlú dé e, ìlú ni yóò ṣí i.” Alùfáà ká ọwọ́ sẹ́yìn kó tó fèsì: “Ẹ má bínú, bàbá. Tiyín ni adé. Ara ńkọ́?” Mi ò tíì rí ìwé tó la ọ̀rọ̀ náà sí méjì tó bẹ́ẹ̀.

Òfin tí wọ́n ń jà lé lórí ni èyí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2021, tí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ó fún ọba lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n fi ẹ̀sìn tàbí ìgbàgbọ́ tirẹ̀ fi í jọba, kí wọ́n sì fi sin ín. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sójútáyé ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó ti wà lórí oyè láti 1960, wàjà lẹ́ni ọdún 91. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín nílànà Ìsìláàmù nílé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣọ́jà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn Òṣùgbó, tí í ṣe Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ò ráyè wọlé. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, tí Ìtòrí wà, tí Ògbóni sì ti jẹ́ òpó ìlú, ohun tó bá ojú ló bá imú.

Àáké tó mú jù lọ́wọ́ àwọn tó fara mọ́ òfin náà ni abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó fún olúkúlùkù lómìnira ẹ̀sìn. Abala náà kò yọ ọba sílẹ̀. Bí wọ́n bá dúró síbẹ̀, ó ṣòro láti dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró síbẹ̀. Ohun tí yóò mú kí ara èèyàn bù máṣọ ni wọ́n ń sọ: pé wọ́n máa ń yọ ọkàn ọba tó wàjà kí ẹni tó kàn lè jẹ ẹ́, pé ibẹ̀ ni “jẹ ọba” ti wá. Samuel Johnson kọ irú rẹ̀ nípa Ọ̀yọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ẹ̀rí Ọ̀yọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti Ẹ̀gbá. Àlàyé èdè tí wọ́n so mọ́ ọn pàápàá mẹ́hẹ. À ń jẹ Balógun, à ń jẹ Ìyálóde, à ń jẹ gbèsè. Ta ló gbọ́ pé wọ́n se ọkàn Ìyálóde rí? Síbẹ̀, mi ò ní dá ẹni tó ń bẹ̀rù lẹ́bi. Ẹni tó ń ṣe nǹkan lẹ́yìn aṣọ, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n bi òun, òun ló fún àhesọ láyè.

Àwọn tó tako òfin náà ní tiwọn kò yé sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti àtàyébáyé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ló rọ̀ jù lẹ́nu wọn. Nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní 1944, olókùn-ẹṣin rẹ̀ ló yẹ kó kú tẹ̀lé e. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dá a dúró. Àṣà abọ́bakú parẹ́, adé Ọ̀yọ́ kò parẹ́, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà. Ìbàdàn náà ńkọ́? Nílànà Ìsìláàmù ni wọ́n sin Ọba Saliu Adétúnjí ní 2022 àti Ọba Lékan Balógun ní 2024, ìlú ò sì dàrú. (Ká má purọ́: ìlú ológun ni Ìbàdàn, 1936 ni Baálẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ di Olúbàdàn. Kò ṣeé fi wé ààfin tí ìpèbí àti ètùtù ti wà látayé Odùduwà.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn alátakò yìí ti wúwo gan-an ni wọn kì í tẹnu mọ́. Ẹni tó du oyè, tó náwó sí i, tó wọ ìpèbí, tó sì jẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní èkejì òrìṣà, ti gba nǹkan lọ́wọ́ àṣà. Kò tọ́ kó jẹ́ ọjọ́ ikú ni yóò rántí pé àṣà kì í ṣe tòun. Abala 38 yẹn kan náà sì lè dáàbò bo Ògbóni tó bá pe tirẹ̀ ní ẹ̀sìn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìsìnkú nìkan ni tọ̀tún tòsì ń jà lé lórí, wọ́n fo ọ̀rọ̀ ìfijọba tó wà nínú òfin kan náà dá. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni gbòǹgbò wà. Bí ọba kò bá tọwọ́ Ògbóni jọba, kí ni Ògbóni fẹ́ fi gba òkú rẹ̀? Bó bá tọwọ́ wọn jọba, tó sì mọ ohun tó wà nínú májẹ̀mú tó bá wọn dá, kí ni ẹbí rẹ̀ fẹ́ fi sá?

Lójú tèmi, alùfáà Ìtòrí jàre lórí ara: ọba tó ti sọ ibi tí òun fẹ́ sùn sí, kí wọ́n sin ín síbẹ̀. Bàbá Ògbóni jàre lórí adé: ètùtù tó jẹ́ ti ìlú, kí ẹbí má dí i lọ́wọ́, kí ṣọ́jà má sì dá sí i. Láti ìgbà òfin oyè Ìwọ̀-Oòrùn ti 1957 ni ìjọba ti ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ oyè, tó sọ ìdílé tó ń jọba àti àwọn afọbajẹ. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ìsìnkú wà. Ẹ̀yin afọbajẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ pe àwọn ìdílé jọ nígbà tí ìtẹ́ kò tíì ṣófo, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ du oyè kà á kí ewé akòko tó kàn án lórí.