Ewé Jàmáíkà tó di oògùn jẹjẹrẹ

Bí ọ̀rọ̀ àgbo bá délẹ̀ láàárín wa, a máa ń pín sí méjì: àwọn kan ní ó ń wo gbogbo àrùn, àwọn kan ní irọ́ ni. Ẹ gbọ́ ìtàn ewé kan.

Ní 1952, ewé òdòdó periwinkle, tí wọ́n ń sè mu fún àtọ̀gbẹ ní Jàmáíkà, dé ọwọ́ Dókítà Clark Noble ní Kánádà. Ó fún àbúrò rẹ̀, Robert, tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Wọ́n dán an wò lára eku. Ṣúgà kò lọ sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló dín kù. Bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀! Wọn kò da ewé nù. Ní 1958, Robert àti Charles Beer kéde vinblastine. Ewé kan náà ló bí vincristine, tó ṣì ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀.

Agbára wà nínú ewé náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Agbára ọ̀hún sì lè pa ẹni tó mu ún láìmọ ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká má fi àgbo ìyá wa ṣẹ̀sín, ká má sì gbà á láìdán an wò.