Yára: Ara Ta Ni Ó Yá?

Ọmọkùnrin tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rán wá sílé mi n'Íbàdàn mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni, èmi nìkan ni mo wà nílé. Ó yọ wáyà kan nínú báàgì, ó fi so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ráútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ọwọ́ aago ojú ẹ̀rọ náà gbéra, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì lọ dúró sí 94. Ó yíjú sí mi. "Ẹ wò ó, mà. Ó yára dáadáa."

Bẹ́ẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ náà, ṣe ni ohùn mi ń já létí àwọn ọmọ mẹ́rin tí mò ń kọ́ ní Yorùbá láti ibí sí London. Ọ̀rọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn ní ègé-ègé. Mo pe "yàrá", "rá" ni wọ́n gbọ́. Nínú èdè tó jẹ́ pé ohùn ló ń gbé ìtumọ̀, ìyẹn kì í ṣe àdánù kékeré. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó ṣáájú kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ọmọkùnrin náà ò parọ́. Èmi náà ò parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan náà la jọ ń lò, ohun ọ̀tọ̀ ló wà lọ́kàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ìyẹn ló sì mú mi jókòó ti yára láti tú u wò.

Ọmọ ìyá ni yára, ṣọ́ra àti múra. Ṣọ́ ara, ó di ṣọ́ra. Mú ara, ó di múra. Yá ara, ó di yára. Ara ló wà nídìí gbogbo wọn. Yá yìí náà la ń gbọ́ nígbà tí a bá ní ara aláìsàn ti yá, òun náà ló wà lẹ́nu wa nígbà tí a bá fẹ́ dìde ká máa lọ: ó yá! Ohun tó bá yá ti gbára dì, nǹkan kan ò dá a dúró mọ́. Òdìkejì rẹ̀ ni falẹ̀, fà tí a so mọ́ ilẹ̀, ti ohun tó ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ bọ̀. Yorùbá ò mọ ìyára kan tó ń dá rìn lójú sánmà láìsí ara tó gbé e. Bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan yára, a ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé: ara ta ni ó yá?

Àwọn tó fún kọ̀ǹpútà lórúkọ ní èdè wa mọ èyí. Ayárabíàṣá ni wọ́n pè é. Wọn ò fi ìyára náà sílẹ̀ lásán, wọ́n wá ara fún un, ara àṣá. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí mọ irú ìyára tí àṣá ní. Yóò máa rà bàbà lókè, ara rẹ̀ á balẹ̀ bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Àmọ́ láti ìgbà tó bá ti pinnu títí òròmọdìyẹ yóò fi wà léèékánná rẹ̀, ìyá adìyẹ kì í ráyè ké. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń gbé lọ. Ìyára àṣá kì í ṣe ti ẹrù púpọ̀. Ìyára pé kò pẹ́ kó tó dé ni.

Ẹ wá fi agbégilódò tó ń bọ̀ láti igbó Oǹdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gẹdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ̀rún àṣá ò lè gbé e, ṣùgbọ́n tó bá dé ibi òkè, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè bá a rìn. Bó bá jẹ́ igi ilé lẹ nílò, agbégilódò ló yá. Bó bá jẹ́ ìdáhùn kan péré lẹ fẹ́ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, àṣá ni. Nọ́ńbà 94 tí ọmọkùnrin yẹn fi hàn mí, nọ́ńbà agbégilódò ni.

Mbps tí wọ́n ń kọ sára ìwé owó oṣù wa kì í sọ bí nǹkan ṣe ń sáré tó. Iye bíìtì tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń kà, ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù. (Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú àáyá púpọ̀. Kí ojú ṣẹ́ ni ìṣẹ́jú. Ti àáyá, ọ̀bọ tí ara rẹ̀ kì í sinmi, la yàn fún èyí tó kúrú jù. Ara náà ni, a ò kúrò lórí ara.) Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, báìtì sì ni fóònù fi ń ka fíìmù àti fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó sanwó 40 fi ń rí 5 péré nígbà tó bá ń gba fíìmù sílẹ̀, tó sì gbà pé wọ́n ti jí 35 mọ́ òun lọ́wọ́. Wọn ò jí i. Ẹ pín 40 sọ́nà mẹ́jọ, 5 náà ni. Lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, fíìmù gígábáìtì kan yóò gbà tó 200 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀.

Àṣá náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Igun kan ló máa ń wà lójú ìdánwò, wọ́n á fi lẹ́tà tín-tìn-tín kọ ọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í wò ó. Ping lorúkọ rẹ̀. Mike Muuss, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn ológun, ló kọ ètò náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1983. Ó fi ìró tí ọkọ̀ abẹ́ omi máa ń rán jáde, tó sì máa ń dúró de gbohùngbohùn rẹ̀, sọ ọ́ lórúkọ. Àwa tí a ń dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé tí a ń ké "àgò o", tí a kì í wọlé àfi tí a bá gbọ́ "àgò yà", ti mọ ping tipẹ́. Bí "àgò yà" ṣe pẹ́ tó kó tó dé ni ping ń wọ̀n, ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.

Ilé ta wá ni ọmọkùnrin yẹn ti ké àgò? Ilé kan l'Ékòó. Ìdánwò máa ń wá ẹ̀rọ tó sún mọ́ni jù, ẹ̀rọ yẹn sì dá a lóhùn ní 9. London làwọn ọmọ tí mò ń kọ́ wà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà nínú fáíbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà abẹ́ òkun MainOne, tó dé Èkó ní 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Portugal sí ọ̀dọ̀ wa. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ lórí rẹ̀ nìkan á jẹ 70, kí ẹnikẹ́ni tó lanu dáhùn. Kò sí owó oṣù tí èèyàn lè san láti rà á padà. Nígbà tí mo yí ìdánwò náà sí London fúnra mi, 104 ni mo rí, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Sátẹ́láìtì àtijọ́ tó wà lókè tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà tiẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: àgò àti àgò yà á jẹ bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2023, fò sílẹ̀, ó wà ní bí 550 kìlómítà sí wa. Ìdí tí ìpè fi ń ṣeé gbọ́ lórí rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí wọ́n jọ yára létí, tí wọn ò bá a tan: yàrà àti yàrá. Àwọn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ tí ohùn mi ń já.

Yàrà ni kòtò gígùn tí àwọn baba wa ń gbẹ́ yí ìlú ká kí ogun má baà wọlé. Eredo Sungbo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gùn tó 160 kìlómítà, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Lónìí, kí ayé lè wọlé la ṣe ń gbẹ́ yàrà: inú rẹ̀ ni fáíbà ń gbà. Ọkọ́ àwọn tó ń ṣe gọ́tà lè gé e ní ọ̀sán kan, kí gbogbo àdúgbò dákẹ́. Tinú òkun náà ń já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, MainOne wà lára wọn, Èkó sì mọ̀ ọ́n lára.

Yàrá ni tèmi. Yàrá ẹ̀yìn ni mo ti ń kọ́ni, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín èmi àti ráútà. Wi-Fi 5 GHz kì í fẹ́ràn ògiri. 2.4 ń la ògiri kọjá dáadáa jù, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ há, àwọn aládùúgbò sì ń bá wa lò ó. 94 tó wà nídìí wáyà ní pálọ̀ di 17 lórí fóònù mi ní yàrá. Ara wáyà ló yá, kì í ṣe ara fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iléeṣẹ́ gbé dé ẹnu ọ̀nà, kó fi wáyà dán an wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń dé ọwọ́ rẹ̀, kó jókòó síbi tó máa ń jókòó.

Síbẹ̀, 17 tó ìpè fídíò, ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. 3 tàbí 4 ti tó. Mo lo tó yìí tọkàntọkàn, nítorí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ pé nǹkan dé ibì kan àti pé nǹkan náà káni. Àwọn olùpolówó ń ta èyí àkọ́kọ́: "ó lè tó 100." Ní Britain, títí di oṣù Karùn-ún 2018, ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà ló gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà náà kí wọ́n tó lè polówó rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó di ìdajì wọn, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ń lò ó. Òfin tó dára ni, mo fẹ́ irú rẹ̀ níbí. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà fún 2020 sí 2025 pe 25 fún ìlú ńlá àti 10 fún ìgbèríko. Àgò yà ni etí mi ń wá nínú irú ètò bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ Ajé yẹn ni mo rí ohun tó ń ṣe ohùn mi. Àwọn ọmọ inú ilé mi ti òde ìgbéyàwó dé, wọ́n ki fóònù mẹ́rin bọ iná, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó fídíò òde náà lọ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà àbọ̀ ilé wa fẹ̀, ọ̀nà àlọ rẹ̀ há. Mo dán ping wò ní wákàtí yẹn gan-an: 104 ti di 700. Ohùn mi, tí kò ju bíńtín lọ, ti tò sẹ́yìn agbégilódò mẹ́rin. Àwọn ráútà kan wà tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré yà kọjá. Tèmi ò ní in, nítorí náà mo yí àkókò ìkópamọ́ fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí òru.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé fóònù lọ sójú fèrèsé kí àwọn ọmọ náà lè rí ìlà ilẹ̀ pupa tó gba iwájú ilé kọjá, níbi tí wọ́n ti bo fáíbà mọ́lẹ̀. Mo ní, "Kí lèyí?"

N kò tíì gbé fóònù padà tí èyí tó kéré jù nínú wọn ti dáhùn. "Yàrà, Àǹtí. Kì í ṣe yàrá."