Nọ́ọ̀sì Dúdú, Àga Òyìnbó

Bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ ní Bàrígà ní ìdájí, ẹ ó rí wọn. Àwọn kan ń wọ dáńfó lọ sí ọsibítù ní Gbágádà tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn kan ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, ojú wọn ti pọ́n, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Àwọn ló fọ egbò, tí wọ́n gbé póò, tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ ní aago méjì òru. Bí ara aláìsàn bá yá, dókítà là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kú, nọ́ọ̀sì làwọn ẹbí kọ́kọ́ ń bá jà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń fojú kéré iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan fún yín.

CMS Grammar School tó wà ní Bàrígà wa láti 1959 ní ilé ẹ̀kọ́ obìnrin kan tí ìjọ kan náà dá sílẹ̀ l'Ékòó, CMS Girls' School. Ibẹ̀ ni Kofowórọlá Abẹ́ní Scott ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti ṣe tíṣà. Àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú tẹ́lẹ̀, bàbá rẹ̀ ló kọ̀. Ẹ má bá bàbá wí jù o. Láyé ìgbà náà, ojú ọmọ ọ̀dọ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo ẹni tó ń nu ìdí aláìsàn.

Ní 1941 ó fẹ́ Olu Pratt, apoògùn. Ọkọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ìyàwó náà tẹ̀ lé e. Ní 1946 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ọsibítù St Thomas', létí odò Thames, tó kọjú sí ilé aṣòfin. Bọ́ǹbù ogun Hitler ti ba apá kan ọsibítù náà jẹ́. Obìnrin tó ti lọ́kọ, tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ló tún di akẹ́kọ̀ọ́ láàárín àwọn ọmọge. Ẹ ò rí ìfẹ́ iṣẹ́?

Ní July 5, 1948, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọsibítù sọ́wọ́, ìtọ́jú di ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ka Ìyáàfin Pratt sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ètò tuntun yẹn. Aláìsàn kan tilẹ̀ kọ̀ pé nọ́ọ̀sì dúdú kò ní tọ́jú òun. Ara ń ni ín, ó ṣì ń ṣa àwọ̀!

Ohun tó dùn mí jù ò tiẹ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó padà sílé ní 1954, pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọn ò kọ́kọ́ fún un ní ipò sístà tó ń darí wọ́ọ̀dù. Òyìnbó ni wọ́n fi ipò yẹn pamọ́ fún. Ẹ gbọ́ o: ó tó ẹni tí wọ́n ń fà lé lọ́wọ́ kó tọ́jú òyìnbó nílùú òyìnbó, kò tó ẹni tó máa jókòó sórí àga sístà nílẹ̀ bàbá tirẹ̀.

Kò bínú lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, títí di 1964 tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe mátíróònù ní UCH, Òrìtamẹ́fà, n'Íbàdàn. Ní 1965 ó di olórí nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀, ọdún yẹn náà ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1973 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, ó sì di kọmíṣánnà ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó. Bàrígà náà bọ́ sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó kú ní 1992.

Ní February 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé òun fún òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ. Làwọn nọ́ọ̀sì bá tú síta l'Ábújá àti l'Ékòó. Àwọn kan ń bú wọn pé owó pọ́n-ùn ló ń wọ̀ wọ́n lójú. Èmi ò bá wọn bú ẹnikẹ́ni. Kò sí òfin tó fipá mú Ìyáàfin Pratt padà wálé ní 1954. Fúnra rẹ̀ ló dé, tó bá òyìnbó lórí àga.