Kíka Ẹja Túnà Tí Aráyé Ń Pa

Túnà, asáré bí ọfà, ọmọ alagbalúgbú omi, abẹ̀yìn-dúdú-abikùn-funfun, kì í gbé ojú kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ààlà tí àwọn ọba ayé fà sórí òkun sí. Èyí tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ Jàpáànù lè la gbogbo òkun Pàsífíìkì já kí ó lọ máa jẹun ní etíkun Amẹ́ríkà, kí ó sì tún padà síbi tí wọ́n ti bí i nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye rẹ̀ tí aráyé ń pa lọ́dọọdún kò lè dúró lójú kan kí ó máa kà á bí ẹni ń ka ebè nínú oko. Ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ni yóò ti gbọ́ ọ, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní ìdí tirẹ̀ tí ó fi lè bu díẹ̀ kù tàbí kí ó bu díẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí iye tí a ń tẹ̀ sínú ìwé, tí ó dúró ṣinṣin lójú bí ohun tí a gbé sórí òṣùwọ̀n, fi jẹ́ ohun tí a fi ìwádìí, ìfojúdá àti àríyànjiyàn hun pọ̀ bí aṣọ òkè.

Oríṣi túnà méje ni ọjà àgbáyé ń fẹ́ jùlọ. Skipjack ni ó kéré jù lára, òun náà ni ó sì pọ̀ jù níye, nítorí pé òun nìkan ju ìdajì gbogbo wọn lọ, òun sì ni ó pọ̀ jù nínú agolo tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Yellowfin tí lẹbẹ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè ni ó tẹ̀lé e. Bigeye ẹlẹ́yinjú ńlá wà níbẹ̀, albacore ẹlẹ́ran funfun wà níbẹ̀, àwọn bluefin mẹ́ta sì wà níbẹ̀, ti Àtìláńtíìkì, ti Pàsífíìkì àti ti gúúsù, àwọn ẹja ọlọ́lá tí iye owó orí wọn ń ya ni lẹ́nu. Gbogbo méjèèje pọ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 tọ́ọ̀nù lọ́dún, apá ìwọ̀-oòrùn àti àárín òkun Pàsífíìkì nìkan sì ni ó ń mú ju ìdajì rẹ̀ wá.

Àjọ FAO tí ó wà ní Róòmù ni ó ni ìwé ńlá tí ó kó gbogbo ayé pọ̀, láti 1950 ni ìṣirò inú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ márùn-ún ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó ń mú òógùn jáde lára. Àgbà wọn ni IATTC ti ìlà-oòrùn Pàsífíìkì, tí àdéhùn rẹ̀ wáyé ní 1949. ICCAT, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Rio de Janeiro ní 1966, tí ó wà ní Madrid, ni ó ń ṣọ́ òkun Àtìláńtíìkì, Nàìjíríà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. CCSBT ti bluefin gúúsù wà ní Canberra, IOTC ti òkun Íńdíà wà ní erékùṣù Seychelles, àbíkẹ́yìn wọn sì ni WCPFC ti ìwọ̀-oòrùn àti àárín Pàsífíìkì, tí àdéhùn rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2004. Òfin kan ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé: àsíá tí ó wà lórí ọkọ̀ ni ó ni ẹja, kì í ṣe èbúté tí a já a sí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń ka ti ara rẹ̀ kí ó tó fi iye ránṣẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iye kan ṣe ń wáyé. Ọkọ̀ kan rí igi tàbí ràáfù àtọwọ́dá kan tí ó ń léfòó, tí ẹja kó ara wọn jọ sí abẹ́ rẹ̀. Ó fi àwọ̀n yí wọn ká, ó fa ìdí àwọ̀n náà pọ̀ bí ẹni fa ẹnu àpò owó, ó sì ń fi igbá àwọ̀n ńlá bù wọ́n sínú ọkọ̀, tọ́ọ̀nù lé tọ́ọ̀nù, sínú omi iyọ̀ tí ó tutù ju yìnyín lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọjọ́, ó kọ ibẹ̀, ó kọ iye. Skipjack ni ó máa ń kọ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yellowfin àti ọmọ bigeye wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì yìí sì jọra ní kékeré bí ìbejì, débi pé nígbà mìíràn, àfi kí a la ikùn wọn kí a tó dá wọn mọ̀: ẹ̀dọ̀ yellowfin a máa dán, ti bigeye a sì ní ilà wẹ́wẹ́ létí. Ọ̀gá ọkọ̀ tí oorun ń kùn wo ni yóò dúró la ikùn ẹja? Nítorí èyí, wọ́n fi olùṣọ́ sínú ọkọ̀. Ní apá tí ó wà lábẹ́ WCPFC, láti 2010 ni òfin ti ní kí olùṣọ́ wà nínú gbogbo ọkọ̀ alápò-àwọ̀n ní agbègbè ilẹ̀ olóoru. Wọ́n ní kí olùṣọ́ mú ẹja 5 nínú igbá kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wọ̀n wọ́n. Ìgbà tí ó pẹ́ ni àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìṣirò náà ní Nouméa ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ènìyàn, bí ó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó, ẹja tí ó tóbi díẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í da odindi igbá kan jálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọn gbogbo ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀, àtàtà àti wọ́ńwọ́ń, ìṣirò ọdún tí ó ti kọjá sì di ohun tí a ń tún ṣe. Ní tèmi, kò sí ibi tí iṣẹ́ yìí ti fi ara rẹ̀ hàn tó ibi ọwọ́ olùṣọ́ náà.

Àwọn olókùn gígùn ní tiwọn a máa na okùn tí ó lè gùn tó 100 kìlómítà, pẹ̀lú ìwọ̀ bí 3,000 lára rẹ̀, wọ́n sì máa ń yọ ìfun ẹja kí wọ́n tó gbé e sí yìnyín. FAO ní tirẹ̀ fẹ́ mọ bí ẹja ṣe wúwo nígbà tí ó wà láàyè. Nítorí náà, fún bluefin gúúsù, a máa ń fi 1.15 sọ ìwọ̀n rẹ̀ di púpọ̀ kí ohun tí a sọ sómi lè padà sínú ìwé.

Owó ńlá ni ó máa ń ba ìṣirò jẹ́ jù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní 2006, nígbà tí àwọn tí ó yẹ ìwé ọjà gbàǹjo Jàpáànù wò rí i pé bluefin gúúsù tí wọ́n ti ń tà níbẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan ju èyí tí wọ́n sọ pé àwọn pa lọ jìnnà. Wọ́n gé ìpín Jàpáànù láti 6,065 tọ́ọ̀nù sí 3,000, láti 2010 sì ni ó ti di dandan pé kí a so nọ́ńbà mọ́ ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òkun Mẹditaréníà, wọn kì í tilẹ̀ gbé bluefin jáde nínú omi. Inú àgò àwọ̀n ni wọ́n ń fà á lọ síbi tí wọn yóò ti bọ́ ọ sanra, ta ni yóò sì wọn ohun tí ń lúwẹ̀ẹ́? Ní 2007, 29,500 tọ́ọ̀nù ni òfin gbà láàyè fún ibẹ̀ àti ìlà-oòrùn Àtìláńtíìkì. Àwọn onímọ̀ ICCAT ka ọkọ̀, wọ́n wo agbára wọn, wọ́n sì sọ pé ohun tí wọ́n pa yóò tó nǹkan bí 61,000.

Ìtòsí wa ni àpẹẹrẹ tí ó kẹ́yìn wà. Ní èbúté Abidjan, tí ọkọ̀ àwọn ará Spéìn àti Faransé ti ń já túnà fún ilé-iṣẹ́ alágolo, àwọn kékeré àti àwọn tí ara wọn ti bó kì í wọlé sí agolo. Faux poisson, ẹja èké, ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn obìnrin ọlọ́jà a rà wọ́n, wọn a gé wọn sí ègé, wọn a dín wọn nínú òróró gbígbóná títí ẹ̀yìn wọn yóò fi le koko, wọn a sì gbé wọn, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata tútù, lé orí àtíéké tí a fi gbágùúdá ṣe: garba nìyẹn, oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ àti ti lébìrà. Ìwé ọ̀gá ọkọ̀ kì í sábà mẹ́nu kàn wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì wá lọ ka ẹja náà lórí afárá èbúté, wọn kò lè sọ èwo nínú ọkọ̀ ni ó gbé èwo wá. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, lábẹ́ àsíá àdàlù, Faransé pẹ̀lú Spéìn, ni ẹja garba ti dúró nínú ìwé ICCAT.