Mathieu Kérékou: bó ṣe bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lò

Mathieu Kérékou ló pẹ́ jù lórí àga ìjọba nílẹ̀ wa, Benin. Ológun ni. Ó gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, ìbò gbé e kúrò ní 1991, ìbò tún gbé e padà ní 1996 títí di 2006. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Ohun tí a fẹ́ sọ níbí ni ohun tó ṣe nígbà tí wàhálà bá ti òde wá.

Ìkọlù ọdún 1977

Ní 1974, Kérékou kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìjọba òun yóò máa tọ̀. Ọdún kejì rẹ̀ ni Dahomey di Benin. Ní àárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú kan balẹ̀ sí Kútọnu. Àwọn ọmọ ogun tó ń jagun gbowó ló kún inú ẹ̀, Bob Denard, ará Faransé, ló ṣáájú wọn. Wọ́n fẹ́ gbàjọba, àmọ́ kò ju wákàtí mélòó kan lọ tí wọ́n fi sá padà, tí wọ́n sì gbàgbé àwọn ìwé ètò wọn sílẹ̀.

Ìwé yẹn ló di ohun ìjà Benin. Kérékou gbé ẹjọ́ lọ sí ONU. Ìgbìmọ̀ Ààbò rán aṣojú Panama, India àti Libya wá wádìí, nígbà tó sì di oṣù kẹrin, ó bẹnu àtẹ́ lu ìkọlù náà.

Ọ̀rọ̀ líle àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́

Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Kérékou ní Gabon lọ́wọ́ sí i. Nígbà tó tún sọ ọ́ níwájú àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum ní 1978, inú bí Ààrẹ Bongo, ó sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin kúrò ní Gabon. Ẹni tí kò sí níbi ìpàdé ló jìyà ọ̀rọ̀ ìpàdé.

Nígbà tó padà dé, ohùn ẹ̀ ti rọlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè Nàìjíríà, ó ní àwọn adigunjalè ń kó ọkọ̀ tí wọ́n jà gbà wá sí Benin. Àwa tí ọjà wa, oko wa àti àna wa wà ní òdìkejì mọ bó ṣe rí. Kérékou kò bú ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá a ní Àgbádárìgì, wọ́n fẹnu kò láti jọ gbógun ti àwọn ọ̀daràn, ẹnubodè sì ṣí láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bákan náà ni ti erékùṣù Lété, tí òun àti Niger ti ń fà láti 1960. Ní 2001, wọ́n fọwọ́ sí i pé ohun tí ilé ẹjọ́ La Haye bá sọ ni abẹ gé. Ní oṣù keje ọdún 2005, erékùṣù 16 bọ́ sọ́wọ́ Niger, Lété wà nínú ẹ̀. 9 kan Benin. A pàdánù Lété, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹnubodè kan náà tún tì ní 2019, ó lé lọ́dún kan kó tó ṣí. Ẹni tó bá rántí ìyẹn á mọ iyì ọjọ́ díẹ̀ ti 2003.