Ariwo Inú Rédíò Ọkọ̀: Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Wa

Ariwo tí iná inú ọkọ̀ ń dá sínú rédíò ni a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí ìhà àríwá Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. A kọ́kọ́ kéde pé Akin Omoboriowo ni ó wọlé ìbò gómìnà. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ dá Michael Ajasin padà sórí oyè. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, awakọ̀ tí ó ń ti Ìfàkì gba Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé ní láti mọ ibi tí ìjà wà. Bí rédíò rẹ̀ bá ń kùn, tí kò gbọ́ orúkọ ìlú tí a dá, ẹ̀mí àwọn èrò rẹ̀ wà nínú ewu.

Níbo ni ariwo náà ti wá? Àwọn àgbà ní inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì ń gbé. Iná tí ń ta pàrà ni ó bí rédíò. Láàrin ọdún 1887 sí 1888, Heinrich Hertz, ará Jámánì, mú kí iná ta láàrin irin méjì, ó sì rí i pé ipá rẹ̀ gba inú afẹ́fẹ́ dé ara irin mìíràn tí wáyà kankan kò so mọ́ ọn. Irú iná bẹ́ẹ̀ ni Guglielmo Marconi lò ní 1901 láti fi àmì ránṣẹ́ kọjá òkun Àtìláńtíìkì. Ohun kan náà ni púlọ́ọ̀gì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo pẹtiróòlù: bí iná ti ń ta níbẹ̀, ọkọ̀ ti di ilé iṣẹ́ rédíò kékeré tí ń fọ́n ariwo káàkiri. Ìrè, ìlú Ògún, kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́. Kò yẹ kí ẹnu yà wá pé irin tí ń sin awakọ̀ náà ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ní 1930, ní Chicago, Paul Galvin àti Joseph àbúrò rẹ̀ ṣe rédíò ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Motorola. Àwọn tí ń ṣe irú rédíò bẹ́ẹ̀ nígbà náà rí i pé bí a bá yí ohùn sókè, ariwo yóò bá a lọ. Nítorí náà, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n lọ: wọ́n fi ohun tí ń dín ipá iná kù sí ojú ọ̀nà púlọ́ọ̀gì, wọ́n sì fi kọ̀ńdẹ́ńsà sí ara dáínámò.

Ní 1952, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí ariwo púlọ́ọ̀gì ọkọ̀. Ẹ kíyè sí i: aládùúgbò tí ń wo tẹlifíṣọ̀n nínú ilé rẹ̀ ni òfin náà ń gbèjà, kì í ṣe ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ọ̀ràn náà di tiwa pẹ̀lú nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, tí rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e ní 1960. Ìbàdàn sí Ìkọ̀lé lé ní 150 kìlómítà, òkè sì pọ̀ lọ́nà. Ohùn tí ó ti rẹ̀ kí ó tó dé kò lè bá ariwo ìtòsí jà.

Rìwáyà tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Bí ariwo bá ń ta pà-pà-pà, púlọ́ọ̀gì ni. Bí ó bá ń han bí fèrè, tí ó ń ga sí i bí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré, alternator ni. Yóò yọ wáyà èríà: bí ariwo bá dákẹ́, afẹ́fẹ́ ni ó gbà wọlé, bí kò bá dákẹ́, wáyà iná ni ó tọ̀. Nígbà náà ni yóò fa iná rédíò tààrà láti orí bátìrì, tí yóò sì ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà ilẹ̀ ti kan ara ọkọ̀.

Lónìí, FM kì í gba ariwo tó ti àtijọ́. Síbẹ̀, ohun tí a fi ń gba iná sí fóònù nínú ọkọ̀ àti gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ti dá ariwo tuntun sílẹ̀. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkọ̀lé. Àwọn rìwáyà kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fi síwájú ìgbìmọ̀ wa nìyí: ta ni yóò mú àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, kí ọkọ̀ ẹnìkan má baà di ìdíwọ́ fún etí gbogbo àdúgbò?